Ta Ló Ni Omi Tó Wọlé Yìí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Wíwọn Odò Ògùn

Abẹ́òkúta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi ìpàdé àwọn onílé, àgbẹ̀ àti apẹja tí wọ́n ń gbé ní bèbè Odò Ògùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìfaradà oòrùn.

Ìjà kan wà tó máa ń wáyé ní gbogbo ìgbà tí omi bá wọlé. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, láti Ìṣẹ́rí títí dé Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, á ní dáàmù Ọ̀yán ni wọ́n ṣí lé àwọn lórí. Àwọn tó ń tọ́jú dáàmù á ní òjò ọdún yìí ló pọ̀ jù. Ìjọba á ní ẹ̀yin lẹ kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Olúkúlùkù á wí tirẹ̀, omi á fà, a ó gbé bẹ́ẹ̀dì àti àga síta kó gbẹ, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí. Mi ò tíì rí ẹni tó dá a tán, nítorí gbogbo àwọn tó ń rò ó, ẹnu lásán ni wọ́n ń mú wá. Ẹlẹ́rìí tó yẹ ká pè ni ìwé tí a kọ ìwọ̀n omi sí, lójoojúmọ́, lókè odò àti nísàlẹ̀ odò.

Ẹ jẹ́ kí n ya odò náà fún yín. Ògùn ṣẹ̀ láti ilẹ̀ olókè tó wà ní àgbègbè Ṣakí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn, níbi tí dáàmù Ìkẹrẹ̀ wà, ó gba Olókèméjì, ó wọ Abẹ́òkúta, ó pín wa sí apá ọ̀tún àti apá òsì ní Láfẹ́ńwá, ó sì ń bá a lọ sí Ìṣẹ́rí títí tó fi bọ́ sínú ọ̀sà Èkó. Odò Yemọja ni, àwọn ìyá wa kò fi ojú kékeré wò ó rí. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wá bá a lé ní 20,000 kìlómítà níbùú lóròó. Nínú ilẹ̀ yẹn ni odò Ọ̀yán àti odò Òfíkì wà. Àwọn méjèèjì pàdé, dáàmù Ọ̀yán sì dúró sí ìsàlẹ̀ ìpàdé wọn, nǹkan bíi 20 kìlómítà sí ìlú yìí. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i. Àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority, tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Abẹ́òkúta wa yìí náà, ló ń tọ́jú rẹ̀. Adágún rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ lórí ilẹ̀ tó tó 4,000 hẹ́kítà, ó sì lè gba mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín: kúbíìkì mítà kan ni omi tó kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, ogójì ló wọ inú rẹ̀.

Omi Ọ̀yán yìí ni ìlú wa àti Èkó ń mu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tú u sílẹ̀, á bá odò lọ, wọ́n á sì fà á ní Àkútẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti Àdìyàn. Nítorí náà ẹni tó bá ní kí wọ́n fọ́ dáàmù náà dànù, kò tíì ro ọ̀ràn oṣù Èrèlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀ka kan péré ni dáàmù náà sé. Omi tó ń ti ọ̀nà Ìsẹ́yìn bọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó rọ̀ sí Abẹ́òkúta kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó rọ̀ láàárín ibí sí Ìṣẹ́rí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí omi wá bo Ajégúnlẹ̀ ní 2010, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kó ẹrù wọn lérí sá jáde, mélòó nínú omi yẹn ni ti dáàmù, mélòó ni ti ojú ọ̀run? Ìbéèrè ìṣirò nìyẹn, ariwo kò lè dáhùn rẹ̀. Géèjì mẹ́rin, ìyẹn pátákó tí a fi ń wọn gíga omi, lè dáhùn rẹ̀. Ọ̀kan lókè dáàmù, tí yóò sọ iye omi tó ń wọlé. Ọ̀kan nísàlẹ̀ dáàmù, tí yóò sọ iye tí wọ́n tú jáde. Ọ̀kan lórí Ògùn gan-an kí Ọ̀yán tó dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan ní Ìṣẹ́rí. Ẹni tó bá ní ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ lè yọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lára ti ẹnìkejì.

Iṣẹ́ kíka géèjì ni mo fi tọ́ ọmọ. Pátákó funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni géèjì, bíi rúlà ọmọ ilé-ìwé, àmọ́ ó gùn ju èèyàn lọ, wọ́n sì fi ìlà dúdú pín in sí sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n á rì í mọ́ etídò tàbí kí wọ́n kàn án mọ́ ẹsẹ̀ afárá. Láago mẹ́fà àárọ̀ àti láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń kà á á sọ̀kalẹ̀ lọ wo ibi tí omi dé, á kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí omi bá ń yára gun òkè, kò ní dúró de ìrọ̀lẹ́, wákàtí wákàtí ni á máa kà á, tòru tọ̀sán. Ọmọ ọdún méjìlá lè ka géèjì. Ohun tó ń ṣẹ́gun àgbàlagbà nínú iṣẹ́ náà ni lílọ: lílọ lọ́jọ́ òjò, lílọ lọ́jọ́ ọdún, lílọ nígbà tí owó oṣù kò tíì wọlé.

Mo rántí ìwé kan tí wọ́n kó wá fún mi láti ibùdó kan tí mi ò ní dárúkọ. Mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 10, láàárọ̀, lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, nínú oṣù kẹsàn-án. Odò wo ló dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹsàn-án? Ẹni tó kọ ọ́ kò dé etídò. Mi ò bínú sí i tó bí mo ṣe bínú sí àwọn tó fi í sílẹ̀ láìsanwó fún un. Ṣùgbọ́n inú mi bà jẹ́, nítorí ìwé èké burú ju àìníwèé lọ. Ẹni tí kò níwèé mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ẹni tó ní ìwé èké á gbé e kalẹ̀, á fi í kọ́ afárá.

Ẹ gbọ́ nípa oṣù kẹsàn-án yẹn. Oríṣi orúkọ wo ni àwọn baba wa sọ ọ́? Ọwẹ́wẹ̀. Wọ́n sì pe oṣù kẹwàá ní Ọ̀wàrà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ọ̀wàrà òjò ń jẹ́. Nígbà tí mo bá rò ó, mo máa ń sọ pé ìwé ìwọ̀n òjò ni kàlẹ́ńdà wa. Àwọn èèyàn kan ló wo ojú ọ̀run fún ìran púpọ̀ kí wọ́n tó sọ oṣù lórúkọ báyẹn. Àwọn oṣù méjèèjì yẹn náà sì ni Odò Ògùn ń kún jù, nítorí pé òjò Òkè-Ògùn ti rin ilẹ̀ gbingbin lásìkò yẹn, gbogbo èyí tó bá kù tó rọ̀, odò ló ń lọ.

Gíga omi nìkan kò tó. Omi lè ga ní ibi tóóró kó má pọ̀, ó lè lọ sílẹ̀ ní ibi gbayawu kó pọ̀ bí nǹkan míì. Ohun tí dáàmù àti afárá àti onílé nílò ni iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín, mo sì fẹ́ kí ẹ dán an wò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tán. Ẹ wá ibi tí odò ti lọ tààrà. Ẹ fi okùn wọn 20 mítà sí etídò, ẹ gbé igi kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Ẹ ju ọsàn kan sáàárín omi. Ọsàn ni mo fẹ́ràn, nítorí ó ń rì díẹ̀, ó ń léfòó díẹ̀, atẹ́gùn kò lè tètè gbé e lọ bíi tewé. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó fi rìn láti igi àkọ́kọ́ dé ìkejì. Ká ní 25 ni, a jẹ́ pé mítà kan dín díẹ̀, ìyẹn 0.8, ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n ojú omi máa ń yára ju abẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ àti òkúta ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.68. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ìbú odò. Ẹ wọn jíjìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi láti bèbè dé bèbè, ẹ wá ìpíndọ́gba. Bí ìbú bá jẹ́ 30 mítà, tí jíjìn jẹ́ mítà kan ààbọ̀, ojú ọ̀nà omi náà jẹ́ 45. Ẹ sọ 45 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.68, ó lé díẹ̀ ní 30 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì 1,200 lọ, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ ṣe é ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí bíi fáànù nínú omi, wọ́n sì ń pín odò sí ọ̀nà púpọ̀, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni. Nígbà tí omi bá kún, ẹ má bọ́ sínú rẹ̀. Àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Lọ́jọ́ ọ̀gbàrá, ẹ má fi ẹyọ kan pàápàá wọ̀n ọ́n.

Bí a bá ti wọn iye omi báyìí nígbà púpọ̀, nígbà tó lọ sílẹ̀ àti nígbà tó ga, a ó fi wé ohun tí géèjì ń sọ lọ́jọ́ náà, a ó ya ìlà kan tó so wọ́n pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó bá ti ka gíga ti mọ iye. Ìlà yẹn ni ìṣúra gbogbo ibùdó ìwọ̀n. Àmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá wa yanrìn ní ìsàlẹ̀ ibùdó, ilẹ̀ odò á jìn sí i, omi tó kà mítà 2 lánàá á yàtọ̀ sí èyí tó kà mítà 2 lónìí. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń wa yanrìn nínú odò yìí lápá ìsàlẹ̀. Ọ̀gbàrá ńlá kan pàápàá lè tún ilẹ̀ odò ṣe láàárín òru kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibùdó tí a lè gbé kalẹ̀ ká gbàgbé. A ní láti padà wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, mo rí ìlà tí wọ́n yà nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n ṣì ń fi ṣírò odò tó ti ṣí ipò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá ẹlẹ́ja kan. Ọdún kan, ọ̀gbàrá gbé géèjì wa lọ tìpátákó-tìpátákó. Omi tó ga jù tí mo rí láyé mi, kò sí ẹni tó kà á, torí òun gan-an ló gbé ohun tí a fi ń kà á lọ. Ọdún mélòó kan kọjá kí ilé-iṣẹ́ tó fi òmíràn rọ́pò. Lọ́jọ́ kan mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ màmá kan tó ń gbé létídò, mo rí ìlà èédú lára ògiri ilé rẹ̀. Ìlà méje. Ó ní, "Ibi tí omi dé ní ọdún tí mo bí àkọ́bí mi rèé. Ibi tó dé ní ọdún tí bàbá wọn kú rèé." Ó tẹ̀ lé e títí, ó sì kan ọdún tí géèjì wa lọ. Mo padà lọ ilé, mo gbé ìwọ̀n wá, mo wọn gíga ìlà yẹn sí ẹsẹ̀ afárá, ó sì di àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní fún ọ̀gbàrá náà. Èédú obìnrin tí kò lọ ilé-ìwé ló bo àṣírí ilé-iṣẹ́ odindi. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọjá lára ògiri etídò láìwò ó.

Ó kù ká dé ibi tó le jù, ohun tí a ó fi ìwọ̀n náà ṣe. Ìṣòro ẹni tó ń tọ́jú dáàmù kì í ṣe kékeré, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ká ní oṣù keje ni, adágún ti ń kún. Bí ó bá tú omi sílẹ̀ báyìí kí àyè lè wà fún òjò Ọ̀wàrà, tí òjò náà kò wá rọ̀, ní oṣù kejì àti ìkẹta Èkó á máa lé táńkà omi kiri, Abẹ́òkúta náà á máa gbé kẹ́ẹ̀gì sórí. Bí ó bá di omi mú torí ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò wá rọ̀ bí ẹni fọ́ ìkòkò, kò ní sí àyè mọ́, dandan ni kó ṣí ilẹ̀kùn, nítorí omi tó bá gun orí dáàmù lè wó o, ìyẹn sì ni àjálù tí a kò gbọ́dọ̀ rí. Bí ẹ bá ri ẹni tó wà láàárín iná méjì, òun nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣírò kan. Àpẹẹrẹ tèmi ni, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ́dún kankan. Ká ní mílíọ̀nù 50 kúbíìkì mítà ni a ní láti tú kúrò. Bí a bá tú u díẹ̀díẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ nǹkan bíi 19 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Odò á gùn sókè, àmọ́ á wà nínú bèbè rẹ̀. Bí a bá dúró títí a fi ní láti tú u ní ọjọ́ mẹ́ta, ó di 193. Omi kan náà ni, inú dáàmù kan náà ló ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀kan bá odò lọ jẹ́jẹ́, èkejì wọ yàrá. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọjọ́ tí a mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ẹni tí kò ní géèjì lórí Ọ̀yán àti Òfíkì lókè lọ́hùn-ún, ìgbà tí adágún bá kún ojú rẹ̀ ló máa mọ̀. Ẹni tó ní in ti rí i bọ̀ ṣáájú.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Bí adágún bá ti dé gíga báyìí nínú oṣù báyìí, tí géèjì òkè sì ń sọ pé omi tó ń wọlé ti ju báyìí lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n ṣí i báyìí, kí ìkéde sì dé Láfẹ́ńwá àti Ìṣẹ́rí lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n wo àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè yìí, ń gbé jáde lọ́dọọdún, àti àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀gbàrá ti NIHSA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010 fún ọ̀ràn omi orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kí gbogbo wa jókòó sórí ìwé kan: kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, níbo la ti ṣì í? Kí a wá tún ìlànà kọ fún ọdún tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ìlànà tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n kọ́ dáàmù ṣì tó. Ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí nígbà náà kọ́ ni èyí. Wọ́n ti gé igi Òkè-Ògùn fi ṣe èédú, àwọn ìlú ti fẹ̀, páànù àti sìmẹ́ǹtì ti bo ibi tí omi ń wọlẹ̀. Òjò kan náà ń mú omi wá kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwa ará Abẹ́òkúta ní ọ̀ràn mìíràn tí ó yàtọ̀ sí ti odò ńlá. Sókórì ni. Ní oṣù keje 2018, òjò kan ṣoṣo ló rọ̀, omi gba ìlú, ẹ̀mí ṣòfò, dáàmù Ọ̀yán kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Odò kékeré tó gba àárín ìlú kọjá kì í fún èèyàn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn nípa Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ 1980, ọjọ́ Omíyalé, àti ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ 2011, tí milimítà 187.5 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, tí afárá Apẹtẹ lọ, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn kú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí milimítà 187.5 ṣe tó, ẹ mú plọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Omi tó rọ̀ sórí plọ́ọ̀tì yẹn nìkan tó kẹ́ẹ̀gì 5,000. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló da kẹ́ẹ̀gì 5,000 tirẹ̀ sójú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí sì ti dí gọ́tà. Fún irú odò báyìí, kíkà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò wúlò tó. Òjò ni kí a máa wọ̀n, kí ẹni tó wà lókè ìlú pe ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí a sì gbọ́n ìdọ̀tí inú Sókórì dànù kí oṣù kẹrin tó dé. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un; ẹni tó bá da pààǹtí sínú odò ti gbà fún un.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ kí a gbójú fò. Àwọn ará Ìbarò, Abúlé Títun àti Ìmálà Odò ń gbé létí adágún Ọ̀yán. Láti ìgbà tí adágún dé ni àwọn oníwádìí ti ń rí àtọ̀sí ajá lára àwọn ọmọ wọn, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí àwọn kan ń pè ní àmì ìdàgbà ọmọkùnrin. Kì í ṣe àmì ìdàgbà o. Kòkòrò ni, inú ìgbín odò kékeré kan ló ti ń jáde, ìgbín yẹn sì fẹ́ràn omi tó dúró jẹ́ẹ́ níbi tí koríko wà. Ọ̀yán àtijọ́ máa ń ṣàn lọ. Ti ìsinsìnyí dúró sínú adágún. Oògùn praziquantel ń wò ó, àmọ́ ọmọ tó lo oògùn láàárọ̀ tó sì padà sínú omi náà ní ọ̀sán, a ó tún rí i ní ilé ìwòsàn. Ní àwọn dáàmù odò Tennessee ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń sọ omi kalẹ̀ wọ́n sì ń gbé e padà sókè lóòrèkóòrè kí ẹ̀fọn má bàa lè pa ẹyin sí etí rẹ̀. Bóyá irú rẹ̀ lè há ìgbín sórí ilẹ̀ gbígbẹ níbí, ohun tó yẹ kí a dán wò ni, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì fi í sílẹ̀ bí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ka gíga adágún lójoojúmọ́ ló lè bá dókítà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ etídò, tiyín kò gùn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí èrè ìwé yìí. Bí a bá ní ọdún márùn-ún tí a kọ dáadáa, a lè sọ fún yín ìgbà tí omi máa ń fà kúrò lórí oko yín àti ìgbà tó máa ń padà, kí ẹ mọ ọjọ́ tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yín gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀. Bàbá kan bi mí pé, bí wọ́n bá ṣí dáàmù, ìgbà wo ni omi á dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun ní Ìṣẹ́rí? Mo ní omi tó ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á rin kìlómítà 86 ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó tẹ́jú nísàlẹ̀, á fẹ̀, á sì fàsẹ́yìn. Nítorí náà ọjọ́ kan ó kéré tán, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí odò ṣe kún sí. Ọmọ náà á ráyè kó ẹrù rẹ̀ bí a bá pè é lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i.

Ìyá kan ní ògiri ilé òun ní àmì omi, àmọ́ wọ́n ti fẹ́ tún un kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Kí ó fi ìṣó kan sí ibi tí àmì náà wà, kí ó wọn ún láti ojú ìloro ilé, kí ó kọ ọdún rẹ̀ sínú ìwé, kí ó wá kùn ún. Èèyàn mẹ́rin mìíràn dìde, wọ́n ní àwọn náà ní irú rẹ̀. A kọ orúkọ àdúgbò wọn sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà béèrè pé ta ni yóò máa kà á. Mo ní ẹni méjì ni mo ń wá fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ń ṣàìsàn, kí wọ́n sì máa fi fọ́tò géèjì ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni lè rí i pé wọ́n dé ibẹ̀. Àwọn onílé gbà láti dá owó fún wọn lóṣooṣù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun á ṣe ti àárọ̀, nítorí ọ̀nà ibi iṣẹ́ òun ló gbà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní òun á ṣe ti ìrọ̀lẹ́.

A ti ra pátákó méjì àti ọ̀dà. Láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó pàdé lábẹ́ afárá Láfẹ́ńwá. Ẹ mú bàtà òjò wá, àti ọsàn díẹ̀.